Màmá Oǹdó àti Fíìmù Kérésì Tí Kò Ní Ìparí

Nígbà tí wọ́n ń sin Màmá Oǹdó, àlùfáà ka ìtàn ayé rẹ̀ sí wa létí. Wọ́n ka ìgbà tó ṣèrìbọmi, wọ́n ka ẹgbẹ́ tó wà nínú ìjọ, wọ́n ka orúkọ àwa ọmọ-ọmọ, wọ́n sì ṣi tèmi kà. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mo ń gbọ́ ọ, ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé obìnrin mìíràn ni wọ́n ń sin, tí àwa kàn yà láti bá wọn kẹ́dùn. Kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa ń wo fíìmù. Ẹni tí kò bá sì rí Màmá Oǹdó níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Kérésì, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Èmi kì í ṣe akọ̀wé. Díẹ̀ ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, èyí tí mo sì kà náà, mọ́tò ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Oǹdó ni Màmá ń sọ. Yorùbá ilé ìwé ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí òun nìkan ni mo lè kọ tí màá tún lè kà padà. Kí ará Oǹdó tó bá kà á má bínú sí mi.

Màmá ló bí bàbá mi. Àwa ń gbé Àkúrẹ́ níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Màmá wà ní Oǹdó, nínú àgbàlá kan náà pẹ̀lú àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ṣeun, tó ń ra kòkó. Kérésì ni ìgbà tí a máa ń lọ kí wọn. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a bá jẹun tán, Màmá á tú ìdí ìró rẹ̀, á mú kọ́kọ́rọ́ jáde, á sì ṣí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ilẹ̀kùn méjì bíi kọ́bọ́ọ̀dù, irú èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀. Á ká aṣọ tí ó fi òwú hun kúrò lórí rẹ̀, á ká a sí mẹ́rin, á wá jókòó.

Kì í bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wo fíìmù. Gèlè wà lórí, bàtà wà lẹ́sẹ̀. Ìyá mi bi í lọ́dún kan pé ṣé ooru kò mú wọn ni. Ó nawọ́ sí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Àwọn náà ṣáà múra. Ṣé kí n wá fi ìró àwọ̀sùn jókòó síwájú wọn?"

Ó máa ń dáhùn bí wọ́n bá kí i. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní ẹ káalẹ́, Màmá á ní ẹ káalẹ́ o, ilé ńkọ́. Bí ẹnì kan nínú fíìmù bá ń jẹun, á pè wá pé ká wá wò ó, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa ẹni tó wà nínú fíìmù, kò sí nínú wa tó gbọ́dọ̀ ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ẹ ó kàn jókòó, ẹ ó gbé ẹ̀pà náà lọ́wọ́, ẹ ó máa gbàdúrà kí wọ́n tètè fún ọkùnrin yẹn ní búrẹ́dì. Mo ti fi irú ìdúró bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹran adìyẹ kan tó tutù mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá wò mí, ó ní, "Ẹni tí ebi ń pa ń wò ẹ́, ìwọ náà ń jẹ. Ojú ò tì ẹ́?"

Fíìmù ìbí Jésù ni ìjọ máa ń yá wa. Ọdọọdún la ń wò ó. Bó bá kù díẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Hẹ́rọ́dù dé, Màmá á dìde. Á lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, á na ìró rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń sá aṣọ sóòrùn, á sì kọjú sí wa. A ó máa gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀, a ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, Màmá kò ní mira. Ó mọ ìgbà tí ó máa parí. Bí ó bá parí, á pa ìró rẹ̀ dé, á padà sórí àga. Nítorí rẹ̀, mo ti ń hu irùngbọ̀n kí n tó mọ̀ pé Hẹ́rọ́dù pa ẹnikẹ́ni. Èmi rò pé àwọn ọmọ ogun yẹn wá kí wọn kú ọdún ni. Nígbà tí oníwàásù kan bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ Bíbélì ni, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i, Màmá dá a lóhùn pé òun gba Bíbélì gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa pa ọmọ nínú ilé mi lọ́jọ́ Kérésì."

Ọ̀rọ̀ ti Bàbá Kérésì, ǹ bá má sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí á ṣáà sọ ọ́ bí mi ò bá sọ. Fíìmù kan wà tí ọkùnrin aláṣọ pupa yìí ti gba orí òrùlé wọlé tí gbogbo ilé ń sùn. Àwọn ọmọ yòókù ń pàtẹ́wọ́. Èmi ti wà lábẹ́ àga. Mo rò ó pé ẹni tó lè gba òrùlé àwọn òyìnbó wọlé, páànù Màmá kò lè dá a dúró. Màmá kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó tẹríba wò mí lábẹ́ àga, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fi ọgbọ́n ogun han ọmọ ogun: "Jáde, ọkọ mi. Wo bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bó bá lé ẹ, o máa sáré jù ú lọ."

Irun orí mi ti funfun báyìí. Bí Oṣù Ọ̀pẹ bá dé, tí àwọn ilé ìtajà ní Àkúrẹ́ bá gbé ère Bàbá Kérésì tó ń jó sí ẹnu ọ̀nà wọn, mo ṣì máa ń gba òdìkejì títì. Àwọn ọmọ àbúrò mi mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì fà mí lọ́wọ́ pé ká lọ ya fọ́tò. Mo máa ń sọ fún wọn pé oòrùn ló pọ̀ lọ́hùn-ún.

Fíìmù tí Màmá fẹ́ràn jù kì í ṣe ti ìjọ. Ọkọ àǹtí wa kan ló mú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti òkè òkun dé. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń sáré. Kò sí nínú wa tó gbọ́ ọ, bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba náà kàn ń mi orí ni. Yìnyín ń já bọ́ látòkè bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Màmá ní ọyẹ́ tiwọn nìyẹn. Ìyá arúgbó kan máa ń yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan dé fìlà, èkejì ní irùngbọ̀n. Ajá kan tún wà. Onírùngbọ̀n wọ ilé ìyá arúgbó lọ, onífìlà ń rìn kiri nínú yìnyín, títí ó fi dé iwájú ilé náà. Ó dúró. Ó gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì parí sí. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ tó, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n á wá di èèrà funfun.

Màmá ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ọmọ ìyá ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, ìyá wọn sì ni arúgbó ojú fèrèsé. Ó ní wọ́n jà, wọn kò sọ ohun tí wọ́n jà lé lórí nítorí ìtìjú. Ó fún wọn lórúkọ. Ó fún ajá pàápàá lórúkọ. Bí a bá bi í pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn, á ní ṣé ẹ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ni? A ó ní rárá. Á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò tíì kàn án."

Ṣeun, ọmọ àbúrò bàbá mi, lọ sí ilé ìwé girama níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì na ọmọ. Nígbà tó dé fún ọlidé, ó jókòó ti fíìmù náà, ó gbọ́ ọ yéké. Ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní bọ̀ọ̀dá, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá rárá. Ọlọ́pàá ni onífìlà. Onírùngbọ̀n jí tòlótòló Kérésì gbé, ó sì sá wọ ilé arúgbó tó ń fi yàrá rẹ̀ gba àlejò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Màmá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó dà bíi pé bí Màmá bá gbọ́, ilé á wó. Kò kúkú pẹ́ tí Ṣeun fi sọ ọ́. Màmá fi ìrọ̀rùn gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé olè kò ní ìyá ni? Ọlọ́pàá náà ńkọ́?" Ní Kérésì tó tẹ̀ lé e, ọmọ ìyá ni wọ́n ṣì jẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìjà báyìí. Ìjà bàbá mi àti Bàbá Ṣeun kì í ṣe ti ilẹ̀, kì í ṣe ti oko kòkó. Wọ́n jà lórí ibi tí Màmá máa gbé. Màmá yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga. Kí bàbá mi tó gbọ́ ní Àkúrẹ́, ọgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ó wá sí Oǹdó, ó ní òun ti ṣètò yàrá sílẹ̀, kí Màmá palẹ̀ mọ́. Bàbá Ṣeun ní bí Màmá bá bá wọn lọ, kí ni àwọn ará Oǹdó máa sọ? Wọ́n á ní ebi ni òun fi ń pa ìyá òun tí wọ́n fi wá gbé e. Bàbá mi wá sọ èyí tí kò ṣeé dá padà sínú: ó ní bí ìtọ́jú bá wà, ṣé Màmá ni ì bá máa fa omi fúnra rẹ̀? Bàbá Ṣeun dáhùn pé òun lòun ń bá Màmá jí lárààárọ̀, kí ẹni tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí ìrẹsì Kérésì má kọ́ òun ní ìtọ́jú.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí fèrè mọ́tò wa bá ti dún lọ́jọ́ Kérésì, Bàbá Ṣeun á ta ẹsẹ̀ sí alùpùpù rẹ̀, ó di ilé àwọn àna rẹ̀. Kò ní padà títí a ó fi lọ. Àwọn ìjòyè ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn sọ ọ́, ó sú wọn. Ọ̀kan nínú wọn wá bi Màmá pé nínú Àkúrẹ́ àti Oǹdó, èwo ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Mo wà níbẹ̀. Màmá ń já ebòlò, kò gbójú sókè. Ó ní, "Wọn ò tíì bi mí."

Ọdún tí mo fẹ́ sọ bọ́ sáàárín àwọn ọdún líle, ìgbà àwọn ológun. Bẹntiróòlù kò sí. Àwọn mọ́tò tò sí ilé epo bí ẹran tó ń dúró de olówó wọn. Iná ìjọba ti di ìtàn. Bàbá mi gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, a fún ara wa mọ́ inú bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́, mo gbé adìyẹ lé itan, adìyẹ náà ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi ọ̀wọ́n epo sílùú.

Bí a kò ṣe gbé mọ́tò wá, kò sí fèrè. Bàbá Ṣeun kò gbọ́ bíbọ̀ wa. Bó tilẹ̀ gbọ́ náà, alùpùpù rẹ̀ kò ní epo tó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà. A bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀, ó dá mi lóhùn, ó béèrè ìyá mi. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá.  Mo ti ń wo ibi tí màá gbà bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ ogún ọdún ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í bọ́ sáàárín àgbà tó ń jà.

A jẹun tán, Màmá ní kí n tan jẹnẹrétọ̀. Mo ní kò sí epo nínú rẹ̀. Ó ní ṣebí mẹkáníìkì ni mí. Mo lọ fa okùn rẹ̀ títí okùn fi já mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì gbé okùn náà padà wọlé kó lè rí i pé mo gbìyànjú. Màmá ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ṣí tẹlifíṣọ̀n, ó ká aṣọ orí rẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú gèlè. Ó ní kí gbogbo wa jókòó.

Ṣeun ní, "Màmá, kò síná."

"Ṣé iná ló ṣe fíìmù ni?"

A jókòó. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, àwa fúnra wa ni a ń rí nínú rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí yìnyín ti ń já bọ́. Kò fo ibì kankan. Ó sọ̀rọ̀ bí onífìlà, ó sọ̀rọ̀ bí onírùngbọ̀n, ó gbó bí ajá. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà ń rẹ́rìn-ín, ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń húkọ́. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ìró ọ̀bẹ lára ọsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dákẹ́. Aṣọ ojú ilẹ̀kùn nìkan ló wà láàárín wa àti Bàbá Ṣeun.

Ó dé ibi tí kásẹ́ẹ̀tì máa ń parí sí. Onífìlà dúró níwájú ilé, ó gbọ́wọ́ sókè. A rò pé ó tán. Màmá kò dìde.

Ó ní, "Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ń retí kí àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣí i. Èyí tó wà nínú ilé náà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń retí kó kọ́kọ́ kàn án. Ìyá wọn kú sáàárín wọn."

 A kò gbọ́ irú ìparí yìí rí. Ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohùn Bàbá Ṣeun wá ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, ó le bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ:

"Màmá, kí ló ṣe ìyá yẹn tí kò fi dìde ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀?"

Màmá ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Bàbá mi dìde. Okùn jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ fi dè wọ́n ni àbí mo fẹ́ gbé e sá lọ. Bàbá mi ká aṣọ ojú ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀, ọsàn ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún?"

Bàbá Ṣeun gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tòsì. Bí òjò bá ṣú, kì í lè tẹ̀ ẹ́."

"Kí lo fi ń pa á?"

"Àdín."

"Àdín nìkan?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi pa á, kòkó?"

Ibẹ̀ ni Màmá ti ké sí wọn láti orí àga. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ wọlé wá bi mí. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

Wọ́n wọlé. Wọ́n bi í. Ó ní òun máa bá bàbá mi lọ sí Àkúrẹ́ kí dókítà wo ẹsẹ̀ náà, òun á sì padà sí Oǹdó bí dókítà bá ti ṣe tán, àwọn méjèèjì ni kí wọ́n jọ mú òun lọ. Bó ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe é. Bàbá Ṣeun sùn ní pálọ̀ wa ní Àkúrẹ́, ibi tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ ìjà. Dókítà gbìyànjú, Màmá ń tẹ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró kí wọ́n sọ fún un pé ó tó. Ó di ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àkúrẹ́ dára. Ẹ kàn ń gbé inú ọgbà bí ewúrẹ́ ni."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n di ọ̀rẹ́ àtàtà. Wọ́n jà lórí dókítà, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò máa fa omi, wọ́n jà lórí bí iyán ṣe yẹ kó rọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń jà á. Wọn kò fi ẹ̀yìn jà mọ́. Màmá á jókòó sáàárín, á máa gbọ́ wọn bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Bí àlejò bá fẹ́ là wọ́n, á ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀."

Ó gbé Oǹdó títí ó fi lọ. Ó dàgbà ju bí a ṣe rò pé ènìyàn ń dàgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ti di arúgbó: bàbá mi ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, etí rẹ̀ ti wúwo, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń gbé e kiri. Àárọ̀ ni ìpè náà wọlé, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú fóònù, mo rí orúkọ Bàbá Ṣeun, mo sì mọ̀. Mo sáré gbé e fún bàbá mi bí ẹni tó gbé ẹyin iná, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè gbọ́, mo wá lọ fara ti ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mò ń gbọ́."

"Màmá ti lọ."

 Bàbá mi béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ Màmá. Bàbá Ṣeun ní òun ni. Bàbá mi bi í pé ṣé òun nìkan ni. Bàbá Ṣeun ní òun nìkan, Màmá di òun lọ́wọ́ mú. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti bá a wọ̀ ọ́, mo fi tọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Ó fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹnu, ó sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Má tíì sunkún o. Dúró dè mí."